Ṣé o mọ̀? Bí ọwọ́ ṣe ń dín yíyí bọ́ọ̀lù kù nínú eré bowling

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ jù lọ nínú ìtàn PBA, ìyẹn àjọ àwọn tó fi eré bowling ṣe iṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà bàrá? Walter Ray Williams Jr. ni. Ife 47 ló gbà, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ tààrà ni tí o bá fi wé ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ló gba ife àgbáyé àwọn ọkùnrin lẹ́ẹ̀mẹfà nínú eré tí wọ́n ti ń ju bàtà irin ẹṣin sí ara òpó. Iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n ni méjèèjì.

Òun ni mo fi ṣáájú nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń pàtẹ́wọ́ fún bọ́ọ̀lù tó bá lọ fẹnu kan gọ́tà tó sì ṣẹ́rí padà wá tú gbogbo píìnì ká. Ó wù mí láti wò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tàbí tó bá ku píìnì kan ṣoṣo ní igun, ẹni tó mọ bí a ṣe ń dín húùkù, ìyẹn yíyà tí bọ́ọ̀lù ń yà, kù ni eré máa ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 60 ló wà láàárín ìlà fáòlù, èyí tí ẹni tó ń jù kò gbọdọ̀ tẹ̀ kọjá, àti píìnì tó wà níwájú pátápátá? Pátákó 39 ni wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ lé ní íǹṣì kan. Bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wúwo ju pọ́ùn 16 lọ. Ọfà méje ló wà lójú ilẹ̀, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n fi jìnnà síra wọn lórí pátákó, ẹni tó bá sì mọ eré náà kì í tẹjú mọ́ píìnì. Ọfà ló ń wò.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ìrìn bọ́ọ̀lù láti ìlà dé píìnì kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta? Bọ́ọ̀lù tó bá ń sá eré máìlì 18 ní wákàtí kan á dé ara píìnì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.3. Bó bá ń yí nígbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, tí iye yẹn kò sì yí padà, ìyípo bíi 11 àbọ̀ péré ló máa ṣe kó tó débẹ̀.

Àmọ́ iye yẹn máa ń yí padà. Ìdí nìyí: àyíká bọ́ọ̀lù tó nǹkan bí íǹṣì 27. Tó bá fẹ́ máa yí gbirigbiri lórí eré máìlì 18 láìyọ̀ rárá, ó ní láti yí nígbà 700 ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ àwọn tó lágbára jù lọ pàápàá kì í sábà fún un tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fún un ní 250 sí 350 ti wà láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n jù, ẹni tó bá sì kọjá 400 ti di alágbára. Nítorí náà, gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń kúrò lọ́wọ́ pẹ̀lú yíyọ̀. Ilẹ̀ ló ń fi kún yíyí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì máa gba eré lọ́wọ́ rẹ̀. Yíyọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe, lẹ́yìn náà á yà, níkẹyìn á wá máa yí gbirigbiri. Ẹni tó bá fẹ́ dín húùkù kù, ìpele kejì yẹn ló ń bá wí.

Ṣé o mọ̀ pé ọ́ìlì wà lójú ilẹ̀ yẹn? Ẹ̀rọ ló ń fi pa á, ó sì máa ń dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, kí ìyókù wà ní gbígbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé eré, ó máa ń pọ̀ láàárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá ṣìnà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ á rí ilẹ̀ gbígbẹ tó máa dá a padà, èyí tó bá ṣìnà bọ́ sí àárín á máa yọ̀ lọ. Ojú lásán kò rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ìrìn bọ́ọ̀lù nìkan ló ń fi hàn.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù máa ń mu ọ́ìlì? Igi ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀ rí, rọ́bà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ike, lẹ́yìn náà urethane. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, reactive resin dé, òun ló sì yí eré náà padà jù lọ: awọ ara rẹ̀ ní àwọn ihò tíntìntín tó ń fa ọ́ìlì mu, ó sì ń di ilẹ̀ mú gan-an. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí o bá jù ló ń kó díẹ̀ lọ nínú ọ́ìlì náà. Bí eré bá ti ń gorí eré, ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ ti ń yọ̀ láàárọ̀ á ti gbẹ, bọ́ọ̀lù tó ń wọlé dáadáa á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kọjá ibi tó yẹ. O kò ṣe nǹkan kan yàtọ̀. Ilẹ̀ ló yí padà lábẹ́ rẹ.

Ohun tó wá kàn nìyí, mo sì rọ̀ ọ́ kí o farabalẹ̀ kà á: nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń fa húùkù. Èkíní ni iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù ń yí. Èkejì ni ibi tí yíyí náà kọjú sí. Bọ́ọ̀lù lè máa yí síwájú tààrà, ìyẹn dígírì òdo. Ó lè máa yí sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá, ìyẹn dígírì 90. Ọ̀pọ̀ jù lọ wà láàárín méjèèjì. Bí yíyí bá kọjú síwájú, ilẹ̀ á dì í mú síwájú, bọ́ọ̀lù á tètè máa yí gbirigbiri, kò sì ní yà púpọ̀. Bó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀ á fà á sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá ń dín iye yíyí kù nígbà tó jẹ́ ibi tó kọjú sí ló bà á jẹ́ kò ní rí ìyàtọ̀ tó ń wá, ọ̀pọ̀ sì ni ìyà yìí ń jẹ tí wọn kò mọ ibi tó ti ń wá.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Taiwan. Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan níbẹ̀ máa ń ju bọ́ọ̀lù tó ń yí bí òkòtó? Àtẹ́lẹwọ́ wọn máa ń wà lókè bọ́ọ̀lù, wọ́n á fi ọwọ́ yí i, á sì máa pòòyì lórí ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wọn kì í wúwo, bíi pọ́ùn 10 sí 12. Ó ń yí kíkankíkan, síbẹ̀ kì í yà. Ọ́ìlì pọ̀ o, ọ́ìlì kéré o, ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Yíyí pọ̀, húùkù kò sí.

Ó yá, ká wo ọwọ́ náà nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kókósẹ̀. Ìka mẹ́ta ló wà nínú bọ́ọ̀lù: àtàǹpàkò, ìka àárín, àti èyí tó tẹ̀ lé e níhà ọmọńdinrín. Àtàǹpàkò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Bó bá ti jáde, ìka méjì tó kù ló gbé gbogbo bọ́ọ̀lù náà dání, láti abẹ́ àti ẹ̀yìn, wọ́n á sì fà á kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Àkókò tó wà láàárín jíjáde àtàǹpàkò àti jíjáde ìka méjèèjì kéré débi pé ojú kò lè bá a. Níbẹ̀ gan-an ni yíyí ti ń wá. Jẹ́ kó gùn, bọ́ọ̀lù á yí kíkan. Jẹ́ kó kúrú, kí àtàǹpàkò àti ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde pọ̀, yíyí á wálẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Tí o bá ká a wọnú, tí bọ́ọ̀lù wá jókòó sínú àtẹ́lẹwọ́ tó sún mọ́ apá, àtàǹpàkò á tètè yọ, ìka á sì pẹ́ lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Tí o bá nà án gbọọrọ, ó dín kù. Tí o bá jẹ́ kó tẹ̀ sẹ́yìn, kí ìwúwo bọ́ọ̀lù fà á lọ díẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka á dé ẹnu ọ̀nà nígbà kan náà. Èyí ló rọrùn jù láti ṣe, èyí náà ló sì ń dín in kù jù. Láti ibi tí o ti dúró, kí o tó gbé ẹsẹ̀ kankan, ni kí o ti to ọrùn ọwọ́ rẹ bí o ṣe fẹ́ kó wà. Má ṣe dúró dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe àtúnṣe níbẹ̀ kì í jù ú bákan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgúnpá náà ń kó ipa tirẹ̀. Àwọn tó ń wá yíyí púpọ̀ máa ń ká a díẹ̀ kí ọwọ́ lè wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Jẹ́ kí tìrẹ nà, kí apá máa fì láti èjìká láìlo agbára, nǹkan á ti fúyẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ máa ń jẹ́rìí sí ohun tí o ṣe lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ? Ká sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni o fi ń jù. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú sókè, o wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù títí dé òpin, yíyí rẹ̀ á kọjú síwájú, húùkù á kéré. Tó bá kọjú sí apá òsì, o ti fi ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí i. Tó bá dojú bolẹ̀, o ti yí ọwọ́ kọjá bọ́ọ̀lù, kò sì dájú pé o mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ dín húùkù kù láìpàdánù agbára yíyí, èyí àkọ́kọ́ yẹn ni kó máa wá. Ó wù mí ju kí èèyàn tẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn lọ, nítorí bọ́ọ̀lù ṣì máa ní agbára tó bá dé ara píìnì, ṣùgbọ́n ó gba kíkọ́.

Ǹjẹ́ o mọ̀ pé téèpù tí wọ́n ń lẹ̀ sínú ihò àtàǹpàkò kì í ṣe fún ẹwà? Àtàǹpàkò máa ń wú, ó sì máa ń fún, ooru àti eré fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Bí ihò bá gbòòrò jù, ọwọ́ á máa fún bọ́ọ̀lù mọ́ra kó má baà jábọ́, gbogbo ohun tí o tò láti òkè á sì dà rú ní ìsàlẹ̀. Bó bá há jù, bọ́ọ̀lù á há mọ́ ọ lọ́wọ́, á sì bọ́ gbì sílẹ̀ lókèèrè, àtàǹpàkò rẹ náà á sì fojú winá. Téèpù kan kún un, téèpù kan kúrò: bí àtàǹpàkò bá pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ihò, yíyí á dín kù láìjẹ́ pé o yí nǹkan míì padà.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé fún gbogbo ènìyàn ní ilé eré, ìbáà jẹ́ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ike ni, ihò rẹ̀ sì jìn débi pé ìka á wọlé dé oríkèé kejì. Ìdí tí kì í fi í yà nìyẹn. Àwọn tó gbẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn máa ń kó orí ìka nìkan wọ̀ ọ́, dé oríkèé àkọ́kọ́, kí àtàǹpàkò lè jìnnà sí ìka, kí ìka sì lè pẹ́ sí i.

Jason Belmonte láti ìlú Orange ní Australia kò tilẹ̀ ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ rárá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń jù. Bí kò bá sí àtàǹpàkò, ìka ló wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù látòkèdélẹ̀, yíyí á sì pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan jù lọ. Ó ti gba 15 nínú àwọn ife tí PBA kà sí ńlá jù lọ, kò sì sí ẹni tó tíì gba irú wọn tó o. Àwọn tó ń jù bíi tirẹ̀ kò ní àtàǹpàkò tí wọ́n lè fi fawọ́ sẹ́yìn. Ọrùn ọwọ́ àti ibi tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí nìkan ni wọ́n ní, nítorí náà dídín in kù le fún wọn ju fún ìwọ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àríyànjiyàn agbára àti ìwọ̀n yìí ti pẹ́? Ní àwọn ọdún 1970, Earl Anthony, ọlọ́wọ́ òsì tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ló kọ́kọ́ pa 100,000 dọ́là nínú ọdún kan nídìí eré yìí, ní 1975. Lásìkò kan náà ni Mark Roth gbé yíyí kíkankíkan dé, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sín in jẹ. Roth yìí ló kọ́kọ́ wó píìnì keje àti ìkẹwàá, àwọn tó wà ní igun ẹ̀yìn méjèèjì, pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ní January 5, 1980, ní Alameda ní California. Àwọn méjèèjì borí púpọ̀.

Mi ò sọ pé kí o pa húùkù run o. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí strike, ìyẹn wíwó gbogbo píìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bá pé pérépéré, píìnì mẹ́rin péré ni bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń fara kàn? Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù, ìkíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án ni. Àwọn píìnì ló ń wó ara wọn lẹ́yìn náà: ìkíní á gbá ìkejì, ìkejì á gbá ìkẹrin, ìkẹrin á gbá ìkeje. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wọlé ní igun, dígírì 4 sí 6 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń wá. Bọ́ọ̀lù tó lọ tààrà, kódà láti etí gọ́tà, kò lè tó dígírì méjì.

Nítorí náà, àwọn píìnì tó kù ní ìdúró ni kí o bi léèrè. Bí ìkarùn-ún bá dúró gbọn-in, tàbí ìkẹjọ àti ìkẹwàá ṣẹ́kù, bọ́ọ̀lù rẹ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó kan píìnì. Ó ti dín kù jù. Bó bá jẹ́ pé ojú píìnì iwájú ni bọ́ọ̀lù ń gbá, tí ìkẹrin, ìkẹfà, ìkeje àti ìkẹwàá wá ń wò ọ́ láti igun méjèèjì, ó ṣì pọ̀ jù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dídín kù ti ń di ọ̀ranyàn ni spare, ìyẹn fífi bọ́ọ̀lù kejì wó àwọn píìnì tó ṣẹ́kù. Ṣé o mọ̀ pé o lè gba 190 láìní strike kankan? Wó mẹ́sàn-án nínú gbogbo fíréèmù mẹ́wàá, máa wó èyí tó kù, kí o sì fi mẹ́sàn-án ṣe àṣekágbá, 190 ni. Bí o bá wó mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ tí o sì ń tàsé ẹyọ kan tó kù ní gbogbo ìgbà, 90 ni. Píìnì kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì.

Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, píìnì náà sábà máa ń jẹ́ ìkẹwàá, tó wà ní nǹkan bí pátákó kẹta sí gọ́tà ọ̀tún. Húùkù rẹ ń lọ sí òsì. O ju bọ́ọ̀lù sí i, bọ́ọ̀lù ń bọ̀, ó kù díẹ̀ kó dé, ó sì yà kúrò lójú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń dúró sí apá òsì, wọ́n á jù ú gba àárín kọjá níbi tí ọ́ìlì pọ̀ sí, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ike tí kì í di ilẹ̀ mú, ọrùn ọwọ́ títẹ̀ sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ike nìkan kò tó fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lágbára. Bí ibi gbígbẹ bá wà níwájú, yíyí tó pọ̀ á mú ike náà yà.

Eré sísá bọ́ọ̀lù náà ń dín húùkù kù, nítorí ilẹ̀ kò ní ráyè dì í mú. Gbé bọ́ọ̀lù sókè díẹ̀ sí i níbi tí o ti dúró, láti ìbàdí sí àyà, kí fífì rẹ̀ lè ga sí i, kí o sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yára. Má fi agbára apá tì í. Apá tó ń fipá ti bọ́ọ̀lù máa ń yí ọwọ́ ní ìsàlẹ̀, ohun tí o ń sá fún á sì padà wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ nìkan sílẹ̀ fún ọ? Ìlànà USBC, àjọ tó ń ṣe òfin eré náà ní Amẹ́ríkà, kò gbà kí o fi ohun tó ń ha nǹkan ha ara bọ́ọ̀lù mọ́ nígbà tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀. Láti August 1, 2020, kò gbà kí bọ́ọ̀lù ní ihò ìwọ̀n tí ìka kì í wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbà kí o fi oògùn olómi nù ún láàárín ìdíje. Aṣọ gbígbẹ nìkan ni. O lè pààrọ̀ bọ́ọ̀lù, o lè sún ibi tí o dúró sí. Ìyókù, ọwọ́ ni.

O sì lè ka yíyí ọwọ́ rẹ pẹ̀lú fóònù. Lẹ téèpù funfun mọ́ ara bọ́ọ̀lù, kí ẹnìkan yà ọ́ ní fídíò láti ẹ̀yìn, ní ọ̀nà tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ka iye àwòrán tó kọjá kí téèpù tó yí po lẹ́ẹ̀kan, kété tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, kí o sì fi iye yẹn pín 14,400. Àwòrán 36 jẹ́ ìyípo 400 ní ìṣẹ́jú kan. 48 jẹ́ 300. 60 jẹ́ 240. Dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìlà fáòlù, gbé ẹsẹ̀ kan péré, kí o jù ú bí o ṣe máa ń jù ú. Lẹ́yìn náà, na ọrùn ọwọ́ gbọọrọ, má ṣe fọwọ́ kan nǹkan míì, kí o sì tún un kà. Bí 40 bá ti di 52, yíyí rẹ ti wálẹ̀ láti 360 sí nǹkan bíi 277. Wàyí o, padà sí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ, kí o sì máa wo pátákó tí bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà: ó yẹ kó ti sún mọ́ píìnì sí i.